GIMP kọ́ ló ń bá skánà sọ̀rọ̀: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ kọ̀ǹpútà yín nù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Òkè-Ajé, n'Íjẹ̀bú-Òde. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan (ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà) kó fọ́tò àtijọ́ wá, wọ́n ní kí n skáànù wọn kí n sì tún wọn ṣe, kí wọ́n lè lò ó fún bánà Ojúde Ọba. Canon LiDE 110 ni skánà mi, Ubuntu, irú Linux kan, ló wà lórí kọ̀ǹpútà. GIMP, ètò tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe, kò rí skánà yìí rárá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti yọ GIMP tí mo tún un fi sí. Oníṣẹ́ kan ní kí n sanwó kí òun pa Linux rẹ́, kí òun gbé Windows síbẹ̀. Ṣé kí n gbà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ọ̀rọ̀ yìí sì ti ń ká mi lára, nítorí ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ bi mí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni bí ẹ ṣe ní "GIMP kò rí skánà". Lórí Linux, kì í ṣe iṣẹ́ GIMP láti rí i. Àwòrán tó bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà ni GIMP ń tún ṣe: ó ń gé e, ó ń pa àbàwọ́n rẹ̀ rẹ́, ó ń mú àwọ̀ tó ti ṣá padà bọ̀ sípò. Ètò tó gbọ́ èdè skánà lórí Linux ni SANE. Oríṣi skánà kọ̀ọ̀kan ló ní dráífà tirẹ̀, bí ògbufọ̀, nínú SANE. Genesys lorúkọ èyí tó gbọ́ ti LiDE 110. XSane, ètò mìíràn, ló wá ń gba àwòrán lọ́wọ́ SANE, tó ń gbé e fún GIMP. Tí iná bá kú lábẹ́ ìkòkò tí ìkọ́kọrẹ́ kò fi jinná, ẹ pààrọ̀ abọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ní jinná. Abọ́ ni GIMP tí ẹ ń yọ tí ẹ ń fi sí yẹn.

Lórí Windows, ohun tó ń jẹ́ TWAIN ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, dráífà inú CD tó bá skánà wá ló sì ń gbé e wọlé. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n. Tí wọn kò bá rí CD lò, wọ́n á ní Linux kì í gba skánà. Irọ́ ni. Skánà tiyín yìí, SANE ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, kò sì nílò CD kankan. Ẹ má sì lọ máa wa dráífà jáde láti ibi tí ẹ kò mọ̀.

Tísà kan láti Ìpẹru gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi ní Sábó, ní Ṣagámù, lẹ́yìn tí ẹnìkan ti fọ gbogbo rẹ̀ nù nítorí skánà. Máàkì àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bá a lọ. Ó jókòó síwájú mi, kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo bi í ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ṣe kedere pé àṣẹ lásán ni wọn kò fún orúkọ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà. Ìṣẹ́jú kan péré ni àtúnṣe rẹ̀.

Ó yá, ẹ kọ́kọ́ da iṣẹ́ àwọn oníbàárà yín kọ sórí fláàṣì, torí mi ò rí ẹ̀rọ yín lójú, mi ò sì lè dúró fún ohun tí mi ò rí. Ẹ wá ki okùn skánà bọ ara kọ̀ǹpútà gan-an, kì í ṣe ara ohun tí ẹ fi ń pín USB. LiDE kò ní okùn iná tirẹ̀. USB yẹn náà ló ń fún un níná. Ẹ ṣí terminal (fèrèsé tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), ẹ tẹ lsusb, yóò to ohun tó wà lára USB sílẹ̀. Ẹ wá ìlà tó ní 04a9:1909, nọ́ńbà ìdánimọ̀ LiDE 110. Tí kò bá sí níbẹ̀, okùn tàbí ojú ihò ni ẹ máa wò, sọ́fíwia kò lè ràn yín lọ́wọ́.

Tí ó bá wà níbẹ̀, ẹ tẹ èyí (sudo ló ń jẹ́ kí ẹ ṣe é bí ọ̀gá ẹ̀rọ):

sudo apt install sane-utils xsane

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ scanimage -L. Tí ó bá dárúkọ genesys àti LiDE 110, skánà yín ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Tí kò bá rí nǹkan kan, àmọ́ tí sudo scanimage -L rí i, a jẹ́ pé orúkọ yín ni kò ní àṣẹ láti lo skánà. Ẹ tẹ èyí, yóò fi yín sínú ẹgbẹ́ tó ní àṣẹ náà:

sudo usermod -aG scanner $USER

Ẹ wo lẹ́tà a kékeré tó wà níwájú G yẹn dáadáa. Tí ẹ bá fò ó, kọ̀ǹpútà á yọ yín kúrò nínú gbogbo ẹgbẹ́ yòókù, títí kan èyí tó jẹ́ kí ẹ lè lo sudo. Ẹ jáde pátápátá, kí ẹ tún wọlé. Ẹ má ṣe máa fi sudo ṣí XSane lójoojúmọ́; XSane fúnra rẹ̀ máa ń kìlọ̀ nípa rẹ̀.

Nínú GIMP 2.10, ẹ ó rí XSane lábẹ́ File, nínú Create. Tí kò bá sí níbẹ̀, tàbí tó bá jẹ́ GIMP 3 lẹ ní, tí kì í gba àfikún ti 2.10, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ ṣí XSane lọ́tọ̀, ẹ fi àwòrán pamọ́ ní TIFF tàbí PNG, kí ẹ wá fi GIMP ṣí i. Bí èmi náà ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Fún fọ́tò àwọn bàbá wọ̀nyẹn, ẹ lo 600 dpi (ojú àmì 600 nínú ínṣì kan): fọ́tò ínṣì 4 × 6 á fún yín ní 2400 × 3600 píksẹ́lì. Ẹ skáànù ní aláwọ̀, ì báà jẹ́ dúdú-àti-funfun ni fọ́tò náà, torí àbàwọ́n omi máa ń ní àwọ̀ tirẹ̀, ìyẹn ló sì máa jẹ́ kí ẹ lè yà á sọ́tọ̀ nínú GIMP. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, ẹ má fi ọwọ́ fà á. Ẹ fi kámẹ́rà yà á tòun ti gíláàsì; irú skánà LiDE yìí kì í mú ohun tí kò bá kan gíláàsì tirẹ̀ kedere.

Tí scanimage -L kò bá sì rí nǹkan kan síbẹ̀, tí ẹ fi sudo tàbí ẹ kò fi í, ẹ da ohun tí lsusb kọ àti nọ́ńbà Ubuntu yín kọ ránṣẹ́ sí mi. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa nǹkan kan rẹ́ lórí ẹ̀rọ yẹn.