Ṣé ère àti abọ́ gíláàsì yìí bára wọn wá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Nínú ẹrù ìyá àgbà wa ní Àjàṣẹ́, a bá abọ́ gíláàsì aláwọ̀ ewé kan, pẹ̀lú ère obìnrin tó ń dúró láàárín rẹ̀. Ọlọ́jà kan ní Wàndó ní àwọ̀ wọn ò dọ́gba, pé àkópọ̀ lásán ni. Báwo la ṣe lè mọ̀? Ṣé kí n fi ọtí kíkan fọ funfun tó wà lára rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì tà á fún ọlọ́jà yẹn. Irú abọ́ yìí pọ̀ láàárín 1930 sí 1939. Ilé iṣẹ́ Bagley àti Sowerby ń ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Walther ń ṣe é ní Jámánì. Ère máa ń nípọn ju abọ́ lọ, àwọ̀ rẹ̀ á sì ki. Bí wọ́n bá tún fi ásíìdì pa dídán rẹ̀, á sì jọ èyí tó ṣá. Àwọ̀ nìkan kò lè dá ẹjọ́ yìí.

Ẹsẹ̀ ère ni kí ẹ wò. Ó yẹ kó jókòó sí àyè rẹ̀ láìmì, yálà nínú abọ́ tàbí lórí gíláàsì oníhò tí wọ́n ń ki òdòdó bọ̀. Ẹ wá wo àmì ìhọra tí ọdún pípẹ́ fi sílẹ̀ níbẹ̀: ṣé ó tẹ̀ lé ẹsẹ̀ ère náà? Lẹ́yìn èyí, ẹ wá tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò, irú èyí tí wọ́n fi ń mọ ayédèrú owó, kí ẹ tàn án sí wọn nínú òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ gíláàsì ewé ìgbà náà ní yùréníọ̀mù nínú, wọ́n á sì tàn yòò. Bí ọ̀kan bá tàn tí èkejì ò tàn, ó ṣeé ṣe kí ọlọ́jà jàre. Bí méjèèjì ò bá tàn, ìyẹn ò fi nǹkan kan hàn. “Rd” pẹ̀lú nọ́ńbà lára rẹ̀, ìyẹn àmì pé wọ́n forúkọ bátánì rẹ̀ sílẹ̀, ń tọ́ka sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àìsí rẹ̀ kì í ṣe àbùkù.

Ní ti funfun: bó bá bo gbogbo ara ère déédéé, iṣẹ́ ásíìdì ni, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá yí inú abọ́ ká níbi tí omi máa ń dé, ẹ fi ọtí kíkan àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ gbìyànjú, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Tí kò bá lọ, omi ti jẹ gíláàsì náà nìyẹn; eérú tàbí yanrìn á kàn bà á jẹ́ sí i ni. Ẹ tẹ́ táwẹ́lì sínú bàsíà kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ má sì da omi gbígbóná lé e láàárọ̀ ọyẹ́, ó lè là.

Bí gíláàsì oníhò náà bá ti sọnù, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gúlúù lẹ ère mọ́ abọ́. Ẹni tó mọyì rẹ̀ á dínwó.