Ẹ̀rọ tuntun: owó àfikún ni kó o kọ́kọ́ máa wò

Àbúrò, o ní ilé iṣẹ́ yín fẹ́ gbé ẹ̀rọ tó ń di ẹrù wọlé, o wá ń béèrè bóyá owó rẹ máa dín kù. Wọ́n lè má fọwọ́ kan iye tó wà nínú ìwé rẹ rárá. Ibòmíì ni wọ́n á ti mú un.

Kí ẹ̀rọ tó dé ọ̀dọ̀ wa, iye páálí tí mo bá dì ni wọ́n fi ń sanwó fún mi, ọwọ́ mi sì yá. Bó ṣe dé, wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń dì í, èmi kàn ń ṣọ́ ọ ni, ni wọ́n bá yí owó mi sí ti wákàtí. Iṣẹ́ alẹ́ lọ, owó àfikún bá a lọ. Tí ẹ̀rọ bá dákú, wákàtí tó fi dákú ò sí nínú owó mi, bẹ́ẹ̀ orí ìdúró ni mo wà. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ń gba iye kan náà pẹ̀lú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù: gbogbo ọdún tí mo fi mọ bí wọ́n ṣe ń to ẹrù tí kò fi ní fọ́, kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Mo lọ bá ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ó ní owó mi ò dín. Kò tilẹ̀ gbójú sókè wò mí.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé á ní gbogbo rẹ̀ á dára tó bá yá. Á yá fún ta ni? Owó àwọn tó ń fọwọ́ hunṣọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já wálẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ìhunṣọ dé, ọ̀pọ̀ wọn ò sì rí ìgbà tó gbérí. Inú bí àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ń fọ́ ẹ̀rọ. Lọ́dún 1812 ìjọba ṣòfin pé ikú ni ìjìyà rẹ̀. Ìwádìí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì kan, Daron Acemoglu àti Pascual Restrepo, lórí Amẹ́ríkà, láti 1990 sí 2007, ni mo gbà gbọ́ ní tèmi: tí róbọ́ọ̀tì bá fi ẹyọ kan pọ̀ sí i fún ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, owó iṣẹ́ á fi nǹkan bíi 0.42% wálẹ̀.

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa fi fóònù forúkọ wọlé síṣẹ́, ya àwòrán wákàtí rẹ lójoojúmọ́. Ti tèmi máa ń dín kù lójú ìwé wọn.

Kó o wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, o mọ ìyẹn. Kó o tó fọwọ́ síwèé, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n á sanwó wákàtí tí ẹ̀rọ bá fi dúró. Tí wọ́n bá sì ń wá ẹni tí wọ́n máa kọ́ ní àtúnṣe rẹ̀, forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, torí àwọn tó ń tún un ṣe nìkan lowó wọn gòkè lọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ìta ni wọ́n ti ń gba irú wọn.