Ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè ìwé ilé, pálọ̀ ẹlòmíràn la sì ń sùn: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó tó oṣù méjì tí a dé Amẹ́ríkà, èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa méjì. Pálọ̀ àbúrò ọkọ mi la ń sùn, torí agbára wa ò tíì ká owó ilé. Mo lọ forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, akọ̀wé ní kí n mú ìwé ilé tàbí ìwé owó iná tó ní orúkọ mi wá. Mi ò ní. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti jókòó sílé. Ìkejì, ọ̀rọ̀ kì í já gaara lẹ́nu àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ìwé kíkà sì nira fún un. Bàbá rẹ̀ ní ká má sọ fún wọn, kí wọ́n má baà kó o sí kíláàsì àwọn tí orí wọn ò pé. (Ìyá ọlọ́mọ méjì)

Ìdáhùn: Ẹ kú àbọ̀, ìyá àwọn ọmọ, ẹ sì kú ìfaradà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní dísítíríìkì, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní àdúgbò kan, ni pé mo wà láàárín ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn òbí tó jẹ́ àlejò. Ọ̀rọ̀ ilé ni n ó kọ́kọ́ mú, torí kò yẹ kí àwọn ọmọ yẹn tún fi ọjọ́ kan jókòó sílé mọ́.

Akọ̀wé náà ò purọ́, ìwé ilé ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òbí. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà láti ọdún 1987 tó ń jẹ́ McKinney-Vento. Ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ń bá ẹlòmíràn gbé nítorí àìrówó gba ilé, ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ gbà á wọlé lójú ẹsẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ìwé ilé, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí ìwé láti ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ nílẹ̀. Ẹ óò máa wá ìwé, ọmọ á máa kẹ́kọ̀ọ́. Dísítíríìkì kọ̀ọ̀kan ló ní òṣìṣẹ́ tí òfin fi irú ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́. Ẹ padà lọ bá akọ̀wé, kí ẹ sọ pé McKinney-Vento liaison ni ẹ fẹ́ rí. Bí wọ́n bá jiyàn, inú kíláàsì ni àwọn ọmọ á wà títí iyàn náà á fi parí. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ náà tọ́ sí wọn lábẹ́ ètò yìí.

Nǹkan kan lè dùn yín. Òfin náà pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní aláìnílé. Bàbá kan ká fọ́ọ̀mù ètò náà pọ̀ níwájú mi, ó dìde, ó ní òun ti kọ́lé ní ìlú òun. Mo ní, "Bàbá, orúkọ òfin ni, kì í ṣe orúkọ yín." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó jókòó, ó fọwọ́ sí i.

Ẹ ò béèrè, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹlòmíràn tó ń ka èyí ń bẹ̀rù nítorí ìwé ìgbélùú. Láti ọdún 1982, nínú ẹjọ́ Plyler v. Doe tó wá láti Texas, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ pé wọn ò gbọdọ̀ torí bẹ́ẹ̀ fi ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ du ọmọ kankan.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àkọ́bí yín, ibẹ̀ gan-an sì ni ọkàn mi wà. Ká ní ẹ jókòó níwájú mi ni, ohun tí n ó kọ́kọ́ bi yín ni pé: ní Yorùbá ńkọ́? Tó bá ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣé ìyá àgbà máa ń gbọ́ ọ, àbí ẹ̀yin lẹ máa ń tún un sọ? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀? Ṣé àbúrò rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ jù ú lọ? Bí Yorùbá rẹ̀ bá já gaara, ó lè jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ibí ni kò tíì mọ́ ọn lára. Bí kò bá já gaara ní Yorùbá náà, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá Gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà tí kò gbọ́ Yorùbá ò lè mọ èyí, àfi tí ẹ bá sọ fún un. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n ní kó ṣáà kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ná, tí ọdún méjì fi kọjá lórí rẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́ kankan. Ó dùn mí títí di òní.

Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1975 lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, tó ń jẹ́ IDEA lónìí, ní dísítíríìkì ni yóò ṣe àyẹ̀wò irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ní èdè tí ọmọ gbọ́ níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Láti ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ 60 ni wọ́n ní, àyàfi tí ìpínlẹ̀ yín bá ní iye ọjọ́ tirẹ̀. Tó bá nílò ìrànlọ́wọ́, ẹ̀yin àti àwọn olùkọ́ lẹ jọ máa kọ ètò rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní IEP. Ẹ bá mi sọ fún bàbá rẹ̀ pé òfin kan náà ní kí ọmọ wà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé ibi tó bá ṣeé ṣe dé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ọ̀rọ̀ kì í já gaara lẹ́nu wọn, ńṣe ni olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ máa ń mú wọn jáde fún ìgbà díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, tí wọ́n á sì padà sí kíláàsì wọn. Wọn ò sì lè bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i.

Ẹ gba ògbufọ̀. Ẹ̀tọ́ òbí ni pé kí ilé ẹ̀kọ́ bá a sọ̀rọ̀ ní èdè tó yé e, òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti ọdún 1964 ló gbé e ró. Ìyá kan gbé IEP ọmọ rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn tó ti fọwọ́ sí i. Kò sí ògbufọ̀ níbi ìpàdé, ọmọ ọdún mẹ́wàá náà fúnra rẹ̀ ló túmọ̀ fún un. Mo bi í pé kí ni wọ́n sọ. Ó ní, "Wọ́n ní ó ń gbìyànjú." Mo ṣí ìwé náà. Wọ́n ti dín àkókò tí olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ fi ń rí i kù sí ìdajì. Nítorí náà, tí fọ́ọ̀mù bá béèrè èdè tí ẹ ń sọ nílé, Yorùbá ni kí ẹ kọ. Ẹ má kọ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìtìjú.

Ẹ má sì rò pé àánú ni wọ́n ń ṣe yín. Owó orí ilé àti ilẹ̀ wà lára ohun tó ń gbé dísítíríìkì ró, owó ilé tí àbúrò ọkọ yín ń san sì wà nínú ohun tí onílé fi ń san án. Ọ̀pọ̀ dísítíríìkì tún ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì fún àgbà. Ẹ béèrè tiyín.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò mọ sí ẹnu lásán, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "Mò ń béèrè pé kí dísítíríìkì ṣe àyẹ̀wò kíkún fún ọmọ mi lábẹ́ òfin IDEA. Ọ̀rọ̀ kì í já gaara lẹ́nu rẹ̀, yálà ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì, ìwé kíkà sì nira fún un. Mo fẹ́ ògbufọ̀ Yorùbá ní gbogbo ìpàdé." Tí Yorùbá rẹ̀ bá já gaara, ẹ yọ ìyẹn kúrò. Ẹ kọ orúkọ ọmọ àti ọjọ́ sí i, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ ṣe é ní méjì. Tí wọ́n bá kọ̀, àwọn náà gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ sínú ìwé fún yín. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ ọjọ́ mọ́ èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà àwọn ọmọ.