Àjà Ni, Kì í Ṣe Ajá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ẹgbẹ́ òǹkàwé wa fẹ́ ṣe ìrántí olóògbé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, èmi ni wọ́n sì ní kí n ka oríyìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kò sí ìwé rẹ̀ tí n kò fẹ́ràn. Ibo ni kí n gbá mú, kí sì ni kí n ṣọ́ra fún?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ka orúkọ ìwé lọ bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kò gbà ju nǹkan bí 300 ọ̀rọ̀ lọ. Gbólóhùn kan tó fún ìbí rẹ̀ ní 1929 àti ikú rẹ̀ ní 2019. Òun náà ló kọ eré Rẹ́rẹ́ Rún, ṣùgbọ́n ẹ fìyẹn sílẹ̀. Lápàdé, akọni inú méjì nínú ìwé ìtàn rẹ̀, ni kí ẹ dì mú.

Inú Àjà ló lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971) ni ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀rí yìí àti Táàfá, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti ń lé ọ̀daràn kiri. Àlàbí ni Atótó Arére (1981) dá lé ní tirẹ̀; ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ẹ má sì gbé Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé ìtàn, fún Òkédìjí, Kọ́lá Akínlàdé ló ni ín. Akin a máa ṣa ẹ̀rí jọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi. Ní ti Lápàdé, kì í pẹ́ tí a fi ń mọ àwọn olubi náà; bí ọwọ́ yóò ṣe tẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó rán an sọ́run ni kò ní jẹ́ kí ẹ gbé ìwé sílẹ̀. (Lójú tiwa, ìyẹn ló dùn jù.)

Àmì ohùn ńkọ́? Àjà ilé, níbi tí à ń kó ẹrù sí, ni àkọlé Àjà ló lẹrù ń wí. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní “ajá” ti gbé ẹrù fún ẹran ọ̀sìn.

Ẹ mú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo, bí 80 ọ̀rọ̀, kí ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta nílé, kí ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tí ẹ ó ti mí. Òwe ń gun òwe lórí nínú ìwé wọ̀nyí: bí ẹ bá sáré, ibi tí àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín sí àkọ́kọ́ ni ìkejì yóò ti kọjá wọn.

Bó bá jẹ́ ẹ̀dà àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè rí “aiye” àti “enia”, torí ọdún 1974 ni àkọtọ́ tuntun dé. Bí ẹ bá ń tẹ ìpínrọ̀ tí ẹ mú fún ẹgbẹ́, ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe bá a, kí ẹ sì fi ọdún ẹ̀dà náà sí i.