Ẹ yéé yìn ín, ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ẹ ní rọpárọsẹ̀ dá ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin dùbúlẹ̀ n'Íbàdàn, pé ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún 16 tó wà ní SS2, ló ń tọ́jú wọn, tí ẹ̀yin sì ń fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù láti Èkó. Ẹ wá ń béèrè ohun tí ẹ tún lè ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà "kò ráhùn rí."

Ọ̀rọ̀ "kò ráhùn rí" yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí. Èmi náà ò ráhùn rí, fún ọdún mẹ́ta gbáko.

Ọmọ ọdún 15 ni mí nígbà tí màmá mi ṣubú lẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ, ẹnu wọ́, ọ̀rọ̀ ò já geere mọ́. Bàbá mi ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi wà l'Ábújá, àbúrò mi ò ju ọdún méje lọ. Kò sẹ́ni tó pè mí jókòó pé iṣẹ́ rẹ nìyí. Ṣe ló kàn rọra bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ló ń ṣàdúrà lé mi lórí. "Ọmọ àtàtà. Ìwọ náà á bímọ tó máa tọ́jú rẹ." Wọ́n á gbàdúrà tán, wọ́n á dìde, wọ́n á tún ìró wọn ró, ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Àdúrà yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ta ló máa ṣe àmín sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ tán, tó máa tún la ẹnu sọ pé ó ti sú òun? Lọ́jọ́ kan mo jágbe mọ́ màmá mi torí pé wọ́n tọ̀ sára aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. Wọn ò lè fèsì, omi kàn ń bọ́ lójú wọn ni. Mo wọ balùwẹ̀ lọ, mo fi aṣọ dí ẹnu mi, mo sunkún. N ò sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni títí dòní.

Mọ̀lẹ́bí wa kan tó wà ní London sọ fún mi pé ní ilẹ̀ England, wọ́n ní orúkọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, young carer, àti pé òfin wọn ti 2014 ní kí káńsù wá wo irú ìrànlọ́wọ́ tí ẹni tí kò tíì pé 18 tó ń tọ́jú ará ilé rẹ̀ ń fẹ́. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́. Níbí, "ọmọ dáadáa" là ń pè é, ta ló sì máa lọ bi ọmọ dáadáa pé kí ló ń ṣe ọ́?

Ẹni tó gbà mí ni ìyá ẹlẹ́kọ ojúlé kejì. Wọn ò lówó tí wọ́n máa fún mi. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, tí aago mẹ́rin bá ti lù, wọ́n á wọlé, wọ́n á ní, "Dìde, máa lọ, n ò fẹ́ rí ẹ kílẹ̀ tó ṣú." Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n ò mọ ibi tí mo ń lọ. Ilé ọ̀rẹ́ mi ni mo já sí, mo sì sùn lórí bẹ́ǹṣì wọn. Ohun tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni pé ọjọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé "tóo bá fẹ́ nǹkan, pè mí" pọ̀ bíi yanrìn, n ò pe ẹnì kankan nínú wọn rí.

Torí náà, sà, ẹ yọ nínú owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́, kí ẹ fi gba ẹni tó máa sùn tì wọ́n lálẹ́, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Òru ló ń pani. Wákàtí méjì-méjì ni wọ́n ní kí n máa yí màmá mi padà kí egbò má bàa dá sí wọn ní ìdí àti gìgísẹ̀. Aago mẹ́wàá, méjìlá, méjì, mẹ́rin, kí n sì wà nílé ìwé láago méje ààbọ̀.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ ò fọwọ́ kàn: ta ló ń wẹ ẹ̀gbọ́n yín? Tó bá jẹ́ ọmọ obìnrin yẹn, ẹ wá ọkùnrin síbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí: ọmọ ìyá yín mìíràn, ará mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, òṣìṣẹ́ ìlera tẹ́ ẹ máa sanwó fún. Ìtìjú tó wà níbẹ̀, ti bàbá lọ́tọ̀, ti ọmọ lọ́tọ̀, àwọn méjèèjì ò sì ní sọ ọ́ jáde.

Ẹ sanwó kí onífisiotẹ́rápì, òṣìṣẹ́ ìlera tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú apá àti ẹsẹ̀ tó rọ, wá sílé, kí ọmọ náà wà níbẹ̀ kó kọ́ ọ. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń fa màmá mi dìde níbi apá tó rọ, kí nọ́ọ̀sì kan tó pariwo lé mi lórí pé èjìká ni mò ń bàjẹ́ yẹn. Òun ló kọ́ mi láti fi ìró tí a ká yí aláìsàn, àti pé ìjókòó nààró ni kí n ti máa fún wọn lóúnjẹ, ṣíbí kékeré, kí wọ́n má sì dùbúlẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀.

Ti àwọn alágbo tún ńkọ́? Àǹtí wa kan ní kí n dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró, pé ara ti yá, kí n máa fún wọn ní àgbo. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, torí èmi ta ni láti sọ pé rárá fún àgbà? Ẹ̀yin lẹ máa sọ pé rárá fún irú wọn. Ẹ má fi ọmọ náà síwájú.

Ní ti ilé ìwé, ẹ lọ rí ọ̀gá wọn fúnra yín. Òfin UBE ti 2004, tó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan, ò kọjá JSS3, nítorí náà tí ọmọ SS2 bá dúró sílé, kò sí ìjọba tó máa wá kanlẹ̀kùn. Èmi fi bò, àwọn olùkọ́ rò pé ọ̀lẹ ni mí. Àárọ̀ ọjọ́ Chemistry WAEC mi la gbé màmá mi lọ sílé ìwòsàn. GCE ni mo fi tún un ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè láti Àbújá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. "Màmá ńkọ́?" lọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, òun náà lọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ẹ pe ọmọ yẹn lálẹ́ òní, kí ẹ má tíì béèrè bàbá rẹ̀. Tó bá ní "kò sí wàhálà, Bọ̀dá," ẹ má gbà. Ẹ bi í pé aago mélòó ló sùn lánàá.