Ìwé òjò yín ni kẹ́ ẹ gbé lọ sí àpérò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ ni wá ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. A ní ibùdó kékeré kan tá a ti ń wọn òjò láti ọdún 2021, a sì máa ń kọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ tá a bá gbọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti wá pè wá sí àpérò àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ pé ká wá sọ bóyá àsọtẹ́lẹ̀ ń bá òjò ọ̀dọ̀ wa mu. Kí la máa kó lọ? Báwo la ṣe máa ṣe ìṣirò tí wọn ò fi ní fọwọ́ rọ́ wa sẹ́yìn? (Akọ̀wé ẹgbẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, akọ̀wé. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ṣọ̀wọ́n. Òjò ilẹ̀ wa máa ń rọ̀ síbì kan kó fo ibòmíì. Ó lè pa ará Tákìí kó má kan ará Arówómọ́lẹ̀ rárá. Satẹ́láìtì ń ràn wá lọ́wọ́ lóòótọ́. Àkójọ òjò CHIRPS, fún àpẹẹrẹ, bẹ̀rẹ̀ láti 1981, ṣùgbọ́n iye ẹyọ kan ló ń fún ilẹ̀ tó tó nǹkan bíi kìlómítà 5 níbùú lóròó. Ẹni tó wọn omi nílẹ̀ níbí ló lè sọ bóyá iye yẹn tọ̀nà. Nítorí náà, ẹ fi fọ́tò ibùdó sílẹ̀, ìwé òjò ni kẹ́ ẹ gbé dání.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ohun ìwọnjò fúnra rẹ̀ wò. Gíláàsì tí ẹ fi ń ka omi àti ẹnu àrọ tó ń gba òjò gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Òjò mílímítà 1 nínú àrọ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 127 jẹ́ omi mìlílítà 12.7, nínú èyí tó fẹ̀ tó 203, ó jẹ́ 32.4. Bí gíláàsì àrọ kékeré bá fọ́, tí ẹnì kan wá fi ti àrọ ńlá rọ́pò rẹ̀, òjò mílímítà 25 á di nǹkan bíi 10 nínú ìwé, kò sì ní sí ẹni tó fura. Igi náà ń jí òjò gbé: máńgòrò tó ga ní mítà 8 gbọ́dọ̀ jìnnà sí ohun ìwọnjò tó mítà 16, ó kéré tán. Eruku ọyẹ́ àti ewé gbígbẹ ń dí ihò àrọ, nítorí náà ẹ fọ̀ ọ́ kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé.

Ẹ wá wo inú ìwé. Ọjọ́ tí òjò ò rọ̀, ẹ kọ 0. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò lọ wò ó, ẹ fi àmì mìíràn sí i, ẹ má kọ 0 láé. Èyí ló ń ba ìwé òjò jẹ́ jù lọ, ó sì rọrùn láti rí: ẹ ro òjò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ pọ̀. Bí ọjọ́ Ajé bá ga ju àwọn yòókù lọ fíìfíì, ẹni tó yẹ kó wọ̀n ọ́n kì í lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, omi ọjọ́ méjì ló ń kọ sí ọ̀kan.

Ti aago náà ṣe pàtàkì. Bẹ́ ẹ bá ń wọ̀n ọ́n ní aago 7 àárọ̀, òjò ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé á bọ́ sábẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bẹ́ ẹ bá fi àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ Ajé wé ìlà ọjọ́ Ajé, àsọtẹ́lẹ̀ tó tọ̀nà máa dà bí irọ́. Mo rọ̀ yín, ẹ yanjú èyí kẹ́ ẹ tó ka ohunkóhun. Ẹ sì pinnu ṣáájú pé òjò tó bá tó mílímítà 1 nìkan lẹ máa pè ní òjò.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ pín ọjọ́ sí mẹ́rin: àwọn asọtẹ́lẹ̀ ní òjò máa rọ̀, ó sì rọ̀; wọ́n ní ó máa rọ̀, kò rọ̀; wọ́n ní kò ní rọ̀, ó rọ̀; wọ́n ní kò ní rọ̀, kò sì rọ̀. Ká fi ọjọ́ 100 ṣe àpẹẹrẹ, ká ní iye wọn jẹ́ 24, 16, 6 àti 54. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ 30, wọ́n sì rí 24 nínú rẹ̀, ìyẹn 80 nínú 100. Ìgbà 40 ni wọ́n kéde òjò, 16 já sí òfo, ìyẹn 40 nínú 100. Iye méjèèjì ni kẹ́ ẹ gbé kalẹ̀. Ẹ má kàn sọ pé ó tọ̀nà ní ọjọ́ 78, torí ẹni tó bá ń sọ lójoojúmọ́ pé òjò ò ní rọ̀ á gba 70 láìwo sánmà. Nígbà ọyẹ́, onítọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gba 100! Ẹ ya ẹ̀ẹ̀rùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà òjò.

Apá tó kàn yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ lo àkókò lé lórí jù, torí ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó sá láfún, òjò tí wọn ò kéde ló ń pa á lára: láfún tó bá rin á bu. Àgbẹ̀ tó fẹ́ gbin àgbàdo, òjò tí wọ́n kéde tí kò rọ̀ ló ń pa á lára, torí irúgbìn á hù, á sì gbẹ. Ọjọ́ 6 yẹn ni àdánù aláfún, ọjọ́ 16 ni ti alágbàdo. Bí asọtẹ́lẹ̀ bá ń kéde òjò lórí ìkùukùu kékeré, 6 á dín, 16 á pọ̀; bó bá sì ń fà sẹ́yìn, òdì rẹ̀ ló máa rí. Ẹ bá wọn kọ oṣù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ àti irú àṣìṣe tó ń dunni jù nínú rẹ̀. Lóṣù kejì, fún àpẹẹrẹ, ẹni tó ń sá kóró kajú kò fẹ́ òjò òjijì rárá.

Àkókò ọ̀rọ̀ sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú 10 sí 15, nítorí náà àwòrán mẹ́rin tó. Bó bá jẹ́ pósítà ni wọ́n ní kẹ́ ẹ mú wá, ìwọ̀n A0, mílímítà 841 sí 1189, ló wọ́pọ̀. Ẹ kó iye ojoojúmọ́ sínú fáìlì kan, kẹ́ ẹ kọ ibi tí ohun ìwọnjò wà, aago tí ẹ ń wọ̀n ọ́n, ìbú ẹnu àrọ àti ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sókè rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń kọ ibi tó wà ní digírì, nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì (.) kò tó: digírì 0.01 jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 1.1, ẹ kọ ọ́ dé mẹ́rin. Ẹ mú ògidì ìwé náà dání pẹ̀lú, torí wọ́n á fẹ́ wo ọjọ́ tí iye bá ga jù.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bi àwọn asọtẹ́lẹ̀ léèrè bóyá wọ́n lè máa fi ìṣeéṣe òjò ránṣẹ́ sí yín ní iye, irú bíi 30 tàbí 60 nínú 100, dípò "ó lè rọ̀". Aláfún lè ká láfún rẹ̀ ní 30, kí alágbàdo dúró de 60.