Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó mu: èsì fún ẹni tó fẹ́ mú ìyàwó rẹ̀ lọ jẹ sushi l'Ékòó

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ mú ìyàwó yín láti Ilé-Ifẹ̀ lọ sí ilé oúnjẹ Japan l'Ékòó nítorí ọjọ́ ìbí rẹ̀, tẹ́ ẹ ń bèèrè bóyá ẹja tí kò fojú kan iná ò ní da inú yín rú. Ifẹ̀ níbí lèmi náà ń gbé, ní Parákin, àmọ́ iṣẹ́ máa ń gbé mi dé Victoria Island, irú ibẹ̀ sì làwọn oníbàárà wa máa ń fẹ́ jókòó sí. Ojú mi ti rí díẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo sushi ló ní ẹja tútù nínú. Ìrẹsì tí wọ́n fi fínígà sí ló ń jẹ́ sushi. Ẹja lásán láìsí ìrẹsì, sashimi nìyẹn. Torí náà, èyí tó jinná ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀: tempura, ìyẹn edé tàbí ewébẹ̀ tí wọ́n rì bọ ìyẹ̀fun pípò kí wọ́n tó dín in, tàbí California roll, ìyẹn sushi tí wọ́n ká tí wọ́n sì gé, tó jẹ́ akàn àti píà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́ ẹja àìsè wò, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ìlànà kan tí Amẹ́ríkà ń lò ni pé kó wà ní -20°C fún ọjọ́ 7, kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Iná ò gbọdọ̀ máa lọ máa bọ̀ lórí irú fírísà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Tó bá ń fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ tempura yín jẹ́ẹ́. Tí ìyàwó yín bá sì wà nínú oyún, kó má fọwọ́ kan ẹja àìsè rárá, kó má sì mu ọtí. Ẹ má wá padà dé kẹ́ ẹ ra Títúsì l'Ódò-Ògbè pé ẹ fẹ́ ṣe tiyín nílé. Pẹ̀lú iná tiwa yìí?

Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni wasabi, òkìtì kékeré aláwọ̀ ewé kan létí àwo. Àna mi kan, ọmọ Iléṣà, rò pé píà ni, ó kó gbogbo rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pariwo o. Ó kàn di tábìlì mú, omi ń dà lójú rẹ̀, orin sì ń dún gbàù débi pé kò sẹ́ni tó gbọ́ nígbà tó ń tọrọ omi. Kì í ta ní ahọ́n bíi rodo, imú ló ń gbà. Bíńtín, bíńtín ni wọ́n ń fi í jẹun.

Igi ìjẹun méjì yẹn kò gbọdọ̀ dójú tì yín. Àwọn ará Japan gan-an máa ń fọwọ́ mú sushi. Ẹ kàn má gún igi náà ró sínú ìrẹsì, torí ìsìnkú ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Apá tí ẹja wà ni kẹ́ ẹ fi kan soy sauce, omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n ń fi sushi tọ́. Tó bá jẹ́ ìrẹsì, á mu ún yó, á sì túká.

Ní ti ọtí, kọkítéèlì ló máa ń kọ́kọ́ dé, oúnjẹ á pẹ́, torí ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká a. Ó dùn, ó tutù, kò jọ ọtí lẹ́nu. Sake, ọtí ìrẹsì àwọn ará Japan, náà lágbára: ọtí inú rẹ̀ máa ń tó nǹkan bí 15%. Ẹ fi nǹkan sínú kẹ́ ẹ tó jáde, torí roll kan kì í sábà ju ègé 6 tàbí 8 lọ, ikùn tó mọ iyán ò sì ní ka ìyẹn sí oúnjẹ. Ẹ tètè dé, kẹ́ ẹ jókòó jìnnà sí sípíkà.

Iye inú mẹ́nù nìkan kọ́ lẹ máa san. Wọ́n lè fi VAT 7.5% lé e, kí wọ́n tún fi owó iṣẹ́ kún un. Àna mi yẹn, omi ò tíì gbẹ lójú rẹ̀ tó fi gba rìsíìtì, ó kà á látòkè délẹ̀ (Òṣómàáló ni, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?), ó rí kọkítéèlì méjì tí ẹnikẹ́ni ò mu. Wọ́n yọ ọ́. Ẹ ka tiyín náà kí wọ́n tó gbé POS dé.

Ṣé ẹ ti wá ibi tẹ́ ẹ máa sùn? Ẹ má fòru gba ọ̀nà Ìbàdàn padà o.